Orí Ni Ọpọlọ Wà: Ẹ̀kọ́ Ọpọlọ fún Àwọn Ọmọ Ilé-Ẹ̀kọ́ ní Mówè, Ìbàfò àti Ìfọ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò, nítorí bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Òwe yìí ni ó wá sí mi lọ́kàn ní ọjọ́ tí mo bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi kan lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ìbàfò, láti kọ́ àwọn ọmọ ibẹ̀ nípa ọpọlọ. Ẹ̀ka ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ni àwọn tí a jọ lọ wà. Èmi nìkan ni mo ti ẹ̀ka ẹ̀kọ́ Yorùbá wá láàárín wọn. Ìdí tí wọ́n fi pè mí kò ju pé Ìbàfò ni àwọn òbí mi ń gbé, mo sì mọ ọ̀nà. N kò mọ̀ pé iṣẹ́ tèmi gan-an ń dúró dè mí níbẹ̀.

Nígbà tí a dé kíláàsì, ọ̀kan nínú wa mú ṣọ́ọ̀kì, ó kọ OPOLO gàdàgbà-gadagba sí ojú pátákó. Kò fi àmì ohùn sí i, kò sì fi kíkán sí abẹ́ lẹ́tà kankan. Ó yíjú sí àwọn ọmọ, ó ní, "Nǹkan yìí wà nínú orí gbogbo wa. Ta ni ó lè yà á fún wa?" Ọmọkùnrin kan sáré jáde. Ó ya orí ènìyàn róbótó, ó sì ya ẹranko ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin kan sí àárín rẹ̀, ojú ẹranko náà yọ gọngọ. Ọ̀pọ̀lọ́ ni ó yà! Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ náà kò rí ohun tí ó pa wọ́n lẹ́rìn-ín, nítorí bí a ti kọ ọ̀rọ̀ náà ni òun ṣe kà á. Kò jẹ̀bi. Àwa ni a jẹ̀bi.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, àwa tí a ń kọ́ èdè Yorùbá ní yunifásítì mọ̀ dájú pé ohùn ni ó ya ọpọlọ tí ó wà lórí sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀pọ̀lọ́ tí ń fò ní ẹ̀bá odò. A ti fi irú àpẹẹrẹ bẹ́ẹ̀ dáhùn ìbéèrè nínú ìdánwò títí ó ti sú wa. Ṣùgbọ́n ọjọ́ náà ni mo tó rí i pé ohun tí a ń pè ní àmì ohùn lè dí ọmọ lọ́wọ́ láti mọ ohun tí ó wà nínú orí ara rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ sọ nínú àpilẹ̀kọ yìí kò pọ̀: iṣẹ́ kíkọ́ ọmọdé nípa ọpọlọ, ìdajì rẹ̀ ni ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, ìdajì kejì ni èdè. Bí àwa ọmọ èdè kò bá sì yọjú, ìdajì iṣẹ́ ni yóò máa dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ. Mo fẹ́ fi ohun tí a ṣe àti ohun tí a rí hàn yín, kí ẹ lè fi ojú ara yín wò ó.

Ìlú mẹ́ta

Mówè àti Ìbàfò wà lójú ọ̀nà márosẹ̀ tí ó ti Èkó lọ sí Ìbàdàn, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé. Ìfọ̀ ní tirẹ̀ wà lójú ọ̀nà tí ó ti Èkó lọ sí Abẹ́òkúta, ojú irin àtijọ́ sì gba ibẹ̀ kọjá. Òun ni olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ tí ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Ìpínlẹ̀ Ògùn ni gbogbo wọn. Oko ni ó pọ̀ jù ní agbègbè wọ̀nyí nígbà kan, ṣùgbọ́n owó ilé Èkó ti lé ọ̀pọ̀ ènìyàn wá síbẹ̀, ilé sì ti bo oko. Nítorí náà, nínú kíláàsì kan ṣoṣo, ẹ ó bá ọmọ Ẹ̀gbá, ọmọ Àwórì, ọmọ Ìjẹ̀bú, ọmọ Ìgbò àti ọmọ Ègùn lórí bẹ́ǹṣì kan. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń dá tíṣà lóhùn. Ṣùgbọ́n bí agogo ìsinmi bá ti dún, Yorùbá ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ń ṣeré, tí wọ́n fi ń jà, tí wọ́n sì fi ń parí ìjà.

Ìjáde bí irú èyí kì í ṣe ohun tí a dá sílẹ̀ fúnra wa. Láti ọdún 1996 ni àjọ Dana ní Amẹ́ríkà ti ya ọ̀sẹ̀ kan sọ́tọ̀ nínú oṣù kẹta ọdọọdún, tí àwọn onímọ̀ nípa ọpọlọ káàkiri àgbáyé fi ń jáde kúrò nínú yàrá ìwádìí wọn, tí wọ́n ń lọ bá àwọn ará ìlú àti àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́. Àwọn ará Nàìjíríà náà kò gbẹ́yìn nínú iṣẹ́ yìí. Ìlú mẹ́ta tí mo dárúkọ ni tiwa bọ́ sí.

Kí ni ọpọlọ?

Lẹ́yìn tí a nu ọ̀pọ̀lọ́ kúrò lójú pátákó, tí a sì kọ ọpọlọ bí ó ti yẹ, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí a kọ́ wọn, nítorí kì í ṣe àwọn ọmọdé nìkan ni wọn kò mọ̀ ọ́n.

Ọpọlọ rọ̀ bí ẹ̀kọ tútù tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ ewé lára rẹ̀. Ti àgbàlagbà kò wúwo ju nǹkan bíi kìlógírámù 1.3 tàbí 1.4 lọ. Bí a bá pín ìwúwo ara ènìyàn sí ọ̀nà àádọ́ta, ọpọlọ kò ju ìpín kan lọ. Ṣùgbọ́n bí a bá pín agbára tí ara ń lò nígbà tí a bá jókòó jẹ́ẹ́ sí ọ̀nà márùn-ún, ọpọlọ nìkan ni ó ń jẹ odidi ìpín kan. Nígbà tí a sọ èyí ní Mówè, ọmọbìnrin kan pariwo pé, "Ọ̀jẹun ni!" Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀jẹun ni. Ìdí nìyí tí orí fi ń fọ́ ọmọ tí ebi ń pa, tí ohun tí tíṣà ń sọ kì í fi í wọ̀ ọ́ létí.

Bí a bá wo òde ọpọlọ, ó ká wúruwùru, ó rí bí ìró tí a fún mọ́ inú igbá kékeré. A mú ìró kan lọ, a sì ṣe bẹ́ẹ̀ lójú wọn. Bí a bá tẹ́ ìró náà, yóò bo tábìlì tíṣà. Bí a bá fún un, igbá gbà á. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọpọlọ ṣe ká ara rẹ̀ kò kí agbárí lè gbà á. Nínú rẹ̀ ni àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń gba ọ̀rọ̀, tí wọ́n sì ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ wà. Iye wọn tó bílíọ̀nù 86.

A pín ọpọlọ sí ọ̀nà mẹ́ta fún wọn. Ọpọlọ ńlá ni ó wà ní iwájú àti ní òkè. Òun ni a fi ń mọ̀, tí a fi ń sọ̀rọ̀, tí a fi ń pinnu. Ọpọlọ ìpàkọ́ kéré sí i, òun ni kì í jẹ́ kí a ṣubú bí a bá dúró lórí ẹsẹ̀ kan. Ìdí ọpọlọ ni ó so méjèèjì mọ́ ọ̀pá ẹ̀yìn. Òun ni ó ń ṣọ́ mímí wa àti lílù ọkàn wa bí a tilẹ̀ ń sùn. Ọpọlọ ńlá pín sí apá ọ̀tún àti apá òsì, apá òsì ni ó sì ń darí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ọ̀tún. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé bí àrùn rọpárọsẹ̀ bá kọlu apá òsì ọpọlọ, apá ọ̀tún ara ni í rọ. Ó sì lè mú ohùn ẹni náà lọ pẹ̀lú, nítorí apá òsì yìí kan náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń sọ̀rọ̀. Ọdún 1861 ni Paul Broca, dókítà ará Faransé, fi èyí han àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, lẹ́yìn tí ó yẹ ọpọlọ ọkùnrin kan wò, ẹni tí ọ̀rọ̀ ń yé ṣùgbọ́n tí kò lè sọ ju ẹyọ ohùn kan ṣoṣo lọ kí ó tó kú.

Ohun tí ó dùn mọ́ àwọn ọmọ jù ni ti ẹyin. A fi ẹyin tútù sínú ike gbígbẹ onídèrí, a ní kí ọmọ kan gbọ̀n ọ́n. Ẹyin fọ́. A fi òmíràn sínú ike kejì, a rọ omi kún un dẹ́nu, a dé e, a ní kí ó gbọ̀n ọ́n bí ti àkọ́kọ́. Ẹyin kò fọ́. Nígbà náà ni a sọ fún wọn pé bí Ẹlẹ́dàá ti ṣe ọpọlọ nìyí: ó fi egungun agbárí ṣe ìdérí, ó fi awọ mẹ́ta wé e, ó sì fi omi yí i ká. Ó ní àkókò kan tí ìdérí náà kò tíì pé. Gbogbo wọn ni ó mọ àwùjẹ̀ ọmọ tuntun, tí ń lù kìkì lábẹ́ ọwọ́. Ibẹ̀ ni àwọn egungun agbárí kò tíì pàdé, kí orí ọmọ lè ráyè gba ọ̀nà ìbí kọjá, kí ọpọlọ rẹ̀ sì ráyè dàgbà. Ó sábà máa ń dí kí ọmọ tó pé ọdún méjì.

Ṣùgbọ́n omi àti egungun ní ibi tí agbára wọn mọ. Ní ìkóríta Mówè àti ti Ìbàfò, ojoojúmọ́ ni a ń rí ọmọ méjì tàbí mẹ́ta lórí ọ̀kadà kan, tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò dé àṣíborí, tí tírélà sì ń gbá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́, ṣùgbọ́n orí tí ó bá fi ara gbá ọ̀dà, oògùn rẹ̀ ṣòro. Mo rí ọmọ kan tí ó fi ọwọ́ bo orí ara rẹ̀ bí a ti ń sọ ọ́.

Inú, ọkàn, iyè àti ọpọlọ

Kí a tó sọ gbogbo èyí, a ti kọ́kọ́ bi wọ́n pé, "Kí ni ẹ fi ń ronú?" Àwọn kan fi ọwọ́ kan orí. Àwọn kan fi ọwọ́ lé àyà. Àwọn díẹ̀ fi ọwọ́ kan ikùn. Ọ̀kan nínú àwọn tí a jọ lọ fẹ́ sọ fún wọn pé irọ́ ni wọ́n ń pa, mo sì bẹ̀ ẹ́ pé kí ó dákẹ́ ná.

Ẹ gbọ́, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Kí ni ọ̀rọ̀ náà ronú fúnra rẹ̀? Ṣé kì í ṣe rò àti inú ni? Inú wa ń dùn, inú ń bí wa, ọkàn wa kì í balẹ̀, àyà ń já wa. Bí ọmọ bá gbàgbé nǹkan, a ní iyè rẹ̀ ra. Bí kò bá gbàgbé, a ní oníyè ni. Àwọn baba wa sì ní ìsọ̀yè, oògùn tí wọ́n ń lò kí iyè lè jí. Bí nǹkan bá sì ṣẹlẹ̀ sí ẹni, orí ni a ń kì, orí ni a ń bẹ̀. Ọmọ tí ó fi ọwọ́ kan ikùn kò purọ́. Èdè rẹ̀ ni ó gbọ́ràn sí lẹ́nu.

Nítorí náà, ohun tí a sọ fún wọn nìyí: inú tí a ń wí nínú ronú kì í ṣe ikùn tí ẹ̀bà ń lọ, ó jẹ́ orúkọ tí àwọn àgbà fún ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹni tí ojú kò rí. Ibi tí iṣẹ́ náà ti ń ṣẹlẹ̀ ni àwọn onímọ̀ wá rí, ọpọlọ sì ni. Iyè tí a ń sọ, ọpọlọ ni ó ń tọ́jú rẹ̀. Bí a bá sùn dáadáa, tí a sì tún ẹ̀kọ́ wa yẹ̀ wò, yóò túbọ̀ dúró. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì pàápàá, pẹ̀lú gbogbo ìmọ̀ wọn, ọkàn ni wọ́n ṣì ń sọ pé àwọn fi ń fẹ́ràn ara wọn. Bí a ti sọ ọ́ báyìí, ẹ̀rù kò ba ẹnikẹ́ni pé a wá ba ohun tí ìyá-ìyá òun sọ fún òun jẹ́.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí ó fẹ́ dá wa lágara: iṣan. A sọ pé iṣan ni ó ń gbé ọ̀rọ̀ láti ara lọ sí ọpọlọ. Kíá, ọmọ kan nawọ́ sókè: "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ̀jẹ̀ ni ó ń gbé ọ̀rọ̀ lọ ni?" Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni. Nínú èdè wa, iṣan ni a ń pe ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà. Iṣan náà ni ẹran tí ń le ní apá ẹni tí ó ń gbé ẹrù. Iṣan náà ni òkùn tín-ín-rín tí ó so ara mọ́ ọpọlọ. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ́ fún nǹkan mẹ́ta. A fi ìkankan fún ìkankan nígbà náà: iṣan ẹ̀jẹ̀, iṣan ẹran, àti iṣan ìmọ̀lára. Lẹ́yìn èyí, a ní kí ogún ọmọ to ara wọn, kí wọ́n di ara wọn lọ́wọ́ mú, kí ẹni àkọ́kọ́ fún ọwọ́ èkejì, kí èkejì sì fún ti ẹ̀kẹta, títí yóò fi dé òpin. Ó gbà wọ́n ní ìgbà díẹ̀. A wá sọ fún wọn pé àwọn iṣan ìmọ̀lára tí ó yára jù lè mú ọ̀rọ̀ rin mítà 120 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, èyí tí ó ju ìlọ́po mẹ́rin eré ọkọ̀ tí ń sá ọgọ́rùn-ún kìlómítà ní wákàtí kan. Ọmọ tí ó béèrè nípa ẹ̀jẹ̀ ni ó tún un sọ fún kíláàsì, kò sì ṣì í.

Wàrápá àti gìrì

Mo ti dé ibi tí ó mú mi kọ àpilẹ̀kọ yìí. Ní ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Ìfọ̀, ọmọbìnrin kan dá jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn, nígbà tí àwọn yòókù há ara wọn mọ́ mẹ́rin-mẹ́rin. Mo rò pé ó ṣẹ̀ ni. Tíṣà wọn fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní, "Wàrápá ń ṣe é. Àwọn òbí àwọn yòókù ni wọ́n ní kí n yà á sọ́tọ̀, kí itọ́ rẹ̀ má bàa ta sí ọmọ wọn lára." Ọmọ náà ń gbọ́ wa. Ó kàn tẹjú mọ́ ìwé rẹ̀ ni.

Ẹ jẹ́ kí a sọ ọ́ gbangba. Wàrápá kì í ràn. Itọ́ kò lè gbé e, àwo oúnjẹ kò lè gbé e, bẹ́ẹ̀ ni fífi ọwọ́ kan ẹni tí ó ń ṣe kò lè gbé e. Àwọn sẹ́ẹ̀lì inú ọpọlọ a máa fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ara wọn létòlétò. Bí ọ̀pọ̀ wọn bá pariwo pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bí ìgbà tí gbogbo ọjà bá ké lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ara yóò gbọ̀n, ojú yóò yí, ẹni náà yóò sì ṣubú. Ohun tí ó lè fà á pọ̀: ìpalára nígbà ìbí, orí tí ó gbá nǹkan, àìsàn tí ó wọ inú ọpọlọ, tàbí ohun tí a bí mọ́ni. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nǹkan bíi àádọ́ta mílíọ̀nù ènìyàn ni ó ń bá a fínra ní àgbáyé, àti pé nínú ọgọ́rùn-ún wọn, àádọ́rin lè gbé ayé láìṣubú mọ́ bí a bá yẹ̀ wọ́n wò dáadáa, tí wọ́n sì ń lo oògùn bí ó ti yẹ.

Kò sì jìnnà sí wa. Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun, àgbà oníṣègùn ọpọlọ ní Ìbàdàn, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ láti ilé dé ilé ní Igbó-Ọrà, wọ́n sì tẹ àbájáde ìwádìí náà jáde ní ọdún 1987: nínú ẹgbẹ̀rún ènìyàn, márùn-ún ó lé díẹ̀ ni wàrápá ń ṣe. Bí a bá fi ìṣirò yìí wo ilé-ẹ̀kọ́ tí ó ní ọgọ́rùn-ún mẹ́fà ọmọ, nǹkan bí ọmọ mẹ́ta ni yóò wà níbẹ̀. Bẹ́ǹṣì mélòó ni a ó yà sọ́tọ̀?

A kọ́ àwọn ọmọ ní ohun tí wọn yóò ṣe bí ẹnìkan bá ṣubú lójú wọn. Ẹ kó ohun tí ó lè ṣe é léṣe kúrò nítòsí rẹ̀. Ẹ fi nǹkan rírọ̀ sí abẹ́ orí rẹ̀. Ẹ má ṣe dì í mọ́lẹ̀, ẹ má sì ṣe ki ṣíbí tàbí ìka bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Bí gbígbọ̀n náà bá ti dáwọ́ dúró, ẹ yí i sí ẹ̀gbẹ́ kan kí itọ́ lè dà nù, kí ẹ sì dúró tì í títí ara rẹ̀ yóò fi balẹ̀. Bí ó bá ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ tí kò dáwọ́ dúró, ẹ ké sí àgbà kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Wọ́n fi ara wọn ṣe é lójú wa: ọ̀kan ṣubú, ọ̀kan tẹ́ súwẹ́tà sí abẹ́ orí rẹ̀, ọ̀kan ń wo aago.

A kò gbàgbé gìrì tí ó máa ń mú ọmọ kékeré nígbà tí ara rẹ̀ bá gbóná ju bí ó ti yẹ lọ, pàápàá bí ibà bá ń ṣe é. Ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ náà ni ó ti rí i nílé tí a ki ẹsẹ̀ àbúrò wọn bọ iná, tàbí tí a da àgbo tí a fi ìtọ̀ màlúù pò sí i lẹ́nu. Àwọn oníṣègùn ti rí i pé irú àgbo bẹ́ẹ̀ lè mú kí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ lọ sílẹ̀ púpọ̀ jù, ó sì lè pa ọpọlọ rẹ̀ lára títí ayé, tàbí kí ó pa ọmọ náà. Ohun tí gìrì ìbá fi sílẹ̀ láìfọwọ́ kàn ni ìtọ́jú burúkú ń bàjẹ́. Ilé ìwòsàn ni kí a gbé e lọ, kí wọ́n wá ohun tí ó mú ara rẹ̀ gbóná.

Ọmọ kan wá béèrè pé, "Ṣé Aró ni wọ́n máa gbé e lọ?" Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín, nítorí èébú ni Aró jẹ́ lẹ́nu wọn. A fi ìtàn dá a lóhùn. Ní ọdún 1954, ní Abẹ́òkúta tí kò jìnnà sí Ìfọ̀ yìí, Dókítà Thomas Adéoyè Lámbò, ọmọ Abẹ́òkúta, bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú ní Aró lọ́nà tí gbogbo ayé fi wá wò ó. Kò ti àwọn aláìsàn mọ́ inú ilé. Ó bá àwọn ará abúlé tí ó yí ibẹ̀ ká ṣe àdéhùn, kí aláìsàn máa gbé láàárín wọn pẹ̀lú ẹbí rẹ̀, kí ó máa gba ìtọ́jú, kí ó sì máa bá ẹgbẹ́ ṣe. Àwọn babaláwo àti oníṣègùn ìbílẹ̀ pàápàá, ó bá wọn ṣiṣẹ́. A tún sọ fún wọn nípa Ọ̀jọ̀gbọ́n Látúndé Ọdẹ́kù, ọmọ Awẹ́, akọ́kọ́ nínú àwọn ọmọ Nàìjíríà tí ó kọ́ṣẹ́ iṣẹ́-abẹ ọpọlọ, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà ní Ìbàdàn ní ọdún 1962, tí ó sì tún jẹ́ akéwì. Ẹ̀rín náà rọlẹ̀. Bí àwọn ará abúlé Aró bá lè gba aláìsàn sínú ilé wọn ní ọdún 1954, ṣé àwa kò lè gba ọmọ kan sórí bẹ́ǹṣì wa?

Èdè wo ni a ó fi kọ́ wọn?

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ní, kí ni ó kan Yorùbá nínú ọ̀rọ̀ yìí? Ṣé kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì ni wọn yóò fi ṣe ìdánwò? Òótọ́ ni. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n sì ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ kan. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn. Wọ́n ṣe dáadáa ju àwọn tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ lọ. Ní ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ jálẹ̀ ọdún mẹ́fà ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ó di oṣù kọkànlá ọdún 2025, ìjọba kéde pé òun ti fagi lé òfin náà, Gẹ̀ẹ́sì ni kí a padà sí.

N kò fẹ́ bá ìjọba jiyàn níhìn-ín. Ohun tí mo rí ni mo ń sọ. Nígbà tí a fi Gẹ̀ẹ́sì sọ fún kíláàsì Ìfọ̀ pé wàrápá kì í ràn, gbogbo wọn dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà pé àwọn gbọ́, wọ́n sì jókòó sí ibi tí wọ́n wà. Nígbà tí a fi Yorùbá sọ ọ́, àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀. Ọ̀kan ní bàbá òun sọ pé ó ń ràn; ọ̀kan ní ẹ̀gbọ́n ìyá òun ní í, òun sì ń bá a jẹun, kò ràn òun. Ìgbà tí ọmọ bá lè bá ọ jiyàn ni ọ̀rọ̀ rẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀ ọ́ lára. Nítorí náà, a kọ́ wọn ní òye rẹ̀ ní Yorùbá, a sì fi orúkọ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kọ́ ọ lọ́rùn kí wọ́n lè mú un dé gbọ̀ngàn ìdánwò. Kò sí ìjà láàárín méjèèjì.

Iṣẹ́ tiwa

Ní ọdún 1984, ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ jáde, ó sì fún wa ní ọ̀rọ̀ tí a fi ń sọ̀rọ̀ nípa èdè, lítíréṣọ̀ àti ìkọ́ni lónìí. Bí àwọn àgbà wa ti jókòó wá ọ̀rọ̀ fún àwa, bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí àwa náà jókòó pẹ̀lú àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, kí a wá ọ̀rọ̀ tí ọmọ ọdún mẹ́jọ lè lò fún ọpọlọ, fún iṣan ìmọ̀lára, fún sẹ́ẹ̀lì. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ gígùn tí yóò há sí wọn lọ́fun ni mo ń wí. Ọ̀rọ̀ tí a bá lè fi bá ìyá ọmọ sọ̀rọ̀ nídìí ata ni. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ọ̀rọ̀ iṣan ẹran pàápàá, ẹnu ọmọ kan ní Mówè ni mo ti gbọ́ ọ.

Mo padà sí Ìfọ̀ ní sáà tí ó tẹ̀ lé e. Ọmọbìnrin náà ṣì wà lórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn, ṣùgbọ́n ọmọ méjì ti bá a jókòó. Tíṣà wọn sọ fún mi pé ìyá kan ti wá bá òun jà nítorí rẹ̀. Mo bi í léèrè ohun tí ó wí. Ó ní, "Ohun tí ẹ sọ fún wa náà ni mo sọ fún un. Yorùbá ni ẹ kúkú fi sọ ọ́." Ọmọ méjì péré ni, bẹ́ǹṣì kan péré ni. Ṣùgbọ́n kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, bí àwọn ẹ̀ka sáyẹ́ǹsì bá tún ń múra láti jáde, ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n lọ láìmú wa dání. Ẹ mú ṣọ́ọ̀kì lọ, ẹ mú ẹyin méjì lọ, ẹ sì mú ìró kan. Bí ẹ bá kọ ọpọlọ sí ojú pátákó, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi kíkán sí abẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì fi etí ara yín gbọ́ bí àwọn ọmọ ti ń kà á. Ọ̀pọ̀lọ́ ní odò tirẹ̀.